Ṣé Ọlọ́run lè dá òkúta tí òun fúnra rẹ̀ ò ní lè gbé? Ẹ bá mi dá sí i kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé

Olùkọ́ Ìkéré (Ọjọ́rú, 9:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Kíláàsì Bíbélì àwọn ọmọdé ni mo ń kọ́ ní ìjọ wa níbí ní Ìkéré. Fèrèsé kíláàsì náà kọjú sí Olósùnta gan-an. Bí a bá ti ṣí i, òkúta ló kún ojú fèrèsé látòkè délẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo ń ka Lúùkù 1:37 fún wọn pé kò sí ohun tí Ọlọ́run kò lè ṣe, ni ọmọbìnrin kan tí kò ju ọdún 13 lọ bá nawọ́. Ó nàka sí Olósùnta lójú fèrèsé, ó ní, "Sà, ṣé Ọlọ́run lè dá òkúta tó wúwo débi pé òun fúnra rẹ̀ ò ní lè gbé e?"

Mo dákẹ́. Bí mo bá ní ó lè dá a, a jẹ́ pé ohun kan wà tí kò lè gbé. Bí mo bá ní kò lè dá a, a jẹ́ pé ohun kan wà tí kò lè dá. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé kó má bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mọ́, pé Èṣù ló ń fi í sí ọmọ lọ́kàn. Ọmọ náà jókòó. Kò nawọ́ mọ́ títí a fi ṣe àdúrà ìparí, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń nawọ́ jù nínú gbogbo wọn.

Ìyẹn ló ń dùn mí látọjọ́ náà. Mo fẹ́ padà bá a lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìdáhùn tó jẹ́ ìdáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Kábíyèsí (Ọjọ́rú, 9:31 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má da ara yín láàmú. Kí là ń pe Ọlọ́run? Kábíyèsí. Ká-bi-í-kò-sí. Ta ni yóò wá jókòó, tí yóò máa fi lọ́jíìkì yẹ Ọlọ́run lọ́wọ́ wò? Òun ló dá ọpọlọ tí a fi ń ronú. Ó lè dá òkúta tí kò lè gbé, kó sì tún gbé e. Bó bá wù ú, 2 àti 2 á di 5 lọ́la. Ẹ tiẹ̀ wo Ìkọ̀gòsì tó wà nílẹ̀ tiwa níbí: omi gbígbóná àti omi tútù lójú kan náà. Lọ́jíìkì wo ló gba ìyẹn?

Tísà Ìṣirò, Ìjerò (Ọjọ́rú, 10:02 alẹ́)

Àbúrò, mo ti kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí Ìkọ̀gòsì rí. Níbi tí omi méjèèjì ti pàdé, mo bọ́ bàtà, mo ki ẹsẹ̀ òsì bọ ẹ̀gbẹ́ kan, mo ki tọ̀tún bọ ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹsẹ̀ kan ń gbóná, èkejì ń tutù. Ṣùgbọ́n omi méjì ni. Orísun wọn kì í ṣe ọ̀kan, wọ́n kàn pàdé lọ́nà ni. Bí ẹ bá rìn lọ sísàlẹ̀, wọ́n á ti dàpọ̀, omi á wá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò síbì kankan nínú odò yẹn tí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo ti gbóná, tí kò sì gbóná. Ìyanu ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ń ta ko ara rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí Olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ yẹn. Bí ẹnì kan bá ní kí Olósùnta gbéra nílẹ̀ kó lọ jókòó sí Adó, apá ènìyàn ò ká a, ṣùgbọ́n mo lè fojú inú rí i. Mo lè rí ihò tó máa fi sílẹ̀ ní Ìkéré. Bí ẹlòmíràn bá wá ní kí n ya ohun kan tó rí roboto, tó sì ní igun mẹ́rin, kí ni kí n fojú inú rí? Bí mo bá ti fi igun sí i, kò rí roboto mọ́. Bí mo bá yí i po, igun ti lọ. Kì í ṣe pé ọwọ́ mi ò mọ nǹkan yà. Ẹni tó rán mi níṣẹ́ ló fi ọwọ́ ọ̀tún fún mi, tó fi òsì gbà á padà.

Ẹ wá wo òkúta ọmọ náà. "Òkúta tí Ẹni tó lè gbé ohun gbogbo kò lè gbé." Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò dárúkọ òkúta kankan o, ó kàn to ọ̀rọ̀ jọ ni. Àlùfáà kan wà láyé àtijọ́, ọmọ Ítálì, Thomas Aquinas lorúkọ rẹ̀, ọdún 1274 ló kú. Ó ní ó sàn ká sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe, ju ká sọ pé Ọlọ́run kò lè ṣe é lọ. Ẹni tó bá rò ó dáadáa á rí i pé ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín méjèèjì.

Aṣèwádìí (Ọjọ́rú, 10:20 alẹ́)

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Èmi kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò tíì kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì.

Àlàyé Tísà dára, àmọ́ ó ṣẹ́ ku ibì kan. Òfin tó ní ohun kan ò lè rí bẹ́ẹ̀ kó má sì rí bẹ́ẹ̀, ta ló ṣe é? Bó bá jẹ́ Ọlọ́run ló ṣe é, ó lè tú u. Bí kì í bá ṣe òun, a jẹ́ pé ohun kan wà tí kì í ṣe òun ló dá, tí òun náà sì ń tẹ̀ lé. Lọ́dún 1630, René Descartes ti ilẹ̀ Faransé kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé Ọlọ́run ló fi òfin ìṣirò lélẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọba ṣe ń fi òfin lélẹ̀ nílùú rẹ̀. Nítorí náà, Ọmọ Kábíyèsí kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀gbọ́n Ọmọ Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba èyí rò. Nígbà tí aburú bá ṣẹlẹ̀, kí ni wọ́n ń sọ fún wa? Wọ́n ní Ọlọ́run fún ènìyàn lómìnira láti yàn, pé kò sì lè dá wa sílẹ̀ kó tún fi tipá mú wa lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dáa. Àmọ́ Ọlọ́run tiyín lè ṣe méjèèjì pọ̀, torí pé ó lè gbé òkúta tí kò lè gbé. A jẹ́ pé ó lè fún wa lómìnira, kí aburú kankan má sì sí. Kí ló wá dé tí kò ṣe é? Bí ẹ ṣe ń gbé agbára yẹn ga, bẹ́ẹ̀ lẹ ń di ẹrù gbogbo òkú ojú títì lé e lórí.

Ọmọ Kábíyèsí (Ọjọ́rú, 10:41 alẹ́)

Mi ò tíì rò ó débẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n rò ó.

Alfa Ìkọ̀lé (Ọjọ́bọ̀, 6:10 òwúrọ̀)

Àsàláàmù àlékùm. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni mo rí ọ̀rọ̀ yín, inú mi dùn sí i.

Láàárín àwọn onímọ̀ tiwa, ó ṣòro láti rí ẹni tó gbé agbára Ọlọ́hun ga tó al-Ghazali, tó kú lọ́dún 1111. Ó ní tí iná bá kan òwú tí òwú sì jó, kì í ṣe iná ló ní agbára náà fúnra rẹ̀, Ọlọ́hun ló ń dá jíjó náà nígbà tí méjèèjì bá pàdé. Bó bá wu Ọlọ́hun, iná á kan òwú, òwú ò ní jó. Ṣebí ohun tí Kùránì 21:69 sọ nìyẹn, tí Ọlọ́hun pàṣẹ fún iná pé kó di tútù àti àlàáfíà fún Ànábì Ibrahim. Lójú al-Ghazali, ohun tí a ń pè ní òfin ayé, bí iná ṣe ń jóni, bí omi ṣe ń ṣàn lọ sísàlẹ̀, ìṣe tí Ọlọ́hun sọ di àṣà ni. Ó lè dá a dúró nígbàkígbà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ jìnnà tó báyìí, òun náà dúró síbì kan. Ó ní kí á sọ pé nǹkan kan wà, kí á tún sọ pé kò sí lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn kì í ṣe ohun tí agbára ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Kùránì 2:20 ní Ọlọ́hun lágbára lórí gbogbo nǹkan. Ẹ jẹ́ ká di ọ̀rọ̀ yẹn mú: nǹkan. Òkúta tí Ẹni tó lè gbé ohun gbogbo ò lè gbé kì í ṣe nǹkan. Agbára Ọlọ́hun ò fò ó kọjá, torí kò sí níbẹ̀.

Àbúrò mi Aṣèwádìí, o béèrè pé ta ló ṣe òfin náà. Wo oyin. Ta ló fi adùn sí oyin lábẹ́ òfin? Adùn ò ju oyin lọ, oyin ò sì jọ̀gá adùn. Òdodo kì í ṣe ohun tó wà lókè Ọlọ́hun tó ń wò ó láti lè mọ bí yóò ṣe ṣe. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rí nìyẹn.

Ọmọ Awo, Ọ̀yẹ́ (Ọjọ́bọ̀, 8:47 òwúrọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́, Èṣù kọ́ ni Sàtánì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù ba ọmọdé mọ́.

Ní ti Kábíyèsí tí wọ́n dárúkọ, ilé ìjòyè ni wọ́n bí mi sí. Kò sọ́ba nílẹ̀ Èkìtì tí kò ní èèwọ̀. Ká-bi-í-kò-sí ni lóòótọ́, síbẹ̀ àwọn nǹkan wà tí ọba kì í ṣe. Ẹ kíyè sí bí a ṣe ń sọ ọ́: "ọba kì í ṣe é" là ń wí. A kì í wí pé "ọba ò lè ṣe é." Èdè wa ti la ọ̀nà méjì síbẹ̀ kí ìjà yìí tó dé. "Kò lè" jẹ́ ti ẹni tí apá rẹ̀ ò ká nǹkan. "Kì í" jẹ́ ti ẹni tí nǹkan ọ̀hún kò bá ìwà rẹ̀ mu. Ọba tó bá ta èèwọ̀ ò di alágbára ju ti àná lọ. Adé ló bà jẹ́.

Bákan náà ni ti orí. À ń sọ pé kò sóòṣà tí í dáni í gbè lẹ́yìn orí ẹni. Orí tí ènìyàn yàn, tí Olódùmarè fọwọ́ sí, àṣẹ rẹ̀ dúró. Ṣé orí ju Olódùmarè lọ ni? Rárá. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń bọ̀wọ̀ fún.

Ọ̀rọ̀ òkúta yìí tiẹ̀ wú mi lórí torí oríkì kan. Àwọn baba wa máa ń ki Olódùmarè ní Ọyígíyigì, Ọta Àìkú. Òkúta ni wọ́n fi í pè, èyí tí kò ṣeé ṣí nípò, tí ikú ò sì kàn. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ Ìkéré sọ̀rọ̀ Ọlọ́run lójú Olósùnta, kó má gbàgbé oríkì yẹn.

Ìyá Ìbejì, Adó (Ọjọ́bọ̀, 1:15 ọ̀sán)

Mo ń tajà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ nǹkan kan. Tísà, mo gbọ́ yín, àmọ́ ẹ jẹ́ ká rọra fi ẹnu sọ pé "kò ṣeé ṣe."

Táyé mi ló kọ́kọ́ jáde, Kẹ́hìndé tẹ̀ lé e. Mo wá ń sọ fún àlejò kan tí kì í ṣe Yorùbá pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Ó ní rárá, pé ẹni tó kẹ́yìn jáde ò lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n láéláé. Lójú tirẹ̀, mo ń ta ko ara mi. Bẹ́ẹ̀ lójú tiwa, Kẹ́hìndé ló rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn, ẹni tó bá sì ń ránni níṣẹ́ ni àgbà. Kò sí wàhálà kankan níbẹ̀. Báwo la ṣe mọ̀ pé kì í ṣe bí àlejò yẹn la ṣe ń wo Ọlọ́run?

Tísà Ìṣirò, Ìjerò (Ọjọ́bọ̀, 4:30 ìrọ̀lẹ́)

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé gan-an. Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí n ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọsàn wà nínú ọjà yín, ẹ mú ọ̀kan. Ẹ má bó o. Ẹ là á láti orí dé ìdí, kó di méjì ọgbọọgba. Ẹ mú un pọ̀ lọ́wọ́, ẹ tún là á láti orí dé ìdí, kó di mẹ́rin. Ẹ wá gé e níbàdí, kó di mẹ́jọ. Ẹ wo èèpo ẹ̀là kan. Igun mẹ́ta ló ní, igun kọ̀ọ̀kan sì ṣe ṣánṣán bí igun ìwé: 90, 90, 90. Àpapọ̀ rẹ̀, 270.

Bẹ́ẹ̀ ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ lójú pátákó ni pé àpapọ̀ igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ohun onígun-mẹ́ta, 180 ni, kò lé, kò dín. Ṣé irọ́ ni mo ń pa ni? Kì í ṣe irọ́. Ojú pátákó tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú ọsàn ò tẹ́. Ó lé ní 2,000 ọdún tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi gbà pé òfin ojú pẹrẹsẹ ló ká gbogbo ayé. Ọdún 1829 ni Nikolai Lobachevsky ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ irú ìṣirò mìíràn jáde, níbi tí igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò tiẹ̀ ti ń pé 180. Torí náà, púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní "kò ṣeé ṣe," pátákó wa ló kéré.

Ṣùgbọ́n, mà, ẹ wo ọsàn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Lójú ọsàn pàápàá, kò sí igun kan tó jẹ́ 90 tí kò sì jẹ́ 90. Ẹ wo Kẹ́hìndé yín náà: ẹ̀gbọ́n ni, kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ̀gbọ́n ni nílànà wa, kó tún má jẹ́ ẹ̀gbọ́n nílànà wa kan náà. Bí a bá yọ gbogbo àìmọ̀kan wa kúrò, ìyẹn á ṣì dúró síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Adó (Ọjọ́bọ̀, 6:05 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti gé e. Ọsàn mẹ́ta ló bà jẹ́ kí ọ̀bẹ tó gún. Igun owó náírà ni mo fi wọ̀n ọ́n, igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bá a mu. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń ta ọsàn, mi ò mọ̀ pé èyí wà lára rẹ̀.

Màmá Àánú, Ìfàkì (Ọjọ́bọ̀, 10:50 alẹ́)

Láti àná ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, mi ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀.

Ó di ọdún mẹ́fà báyìí tí ọkọ mi jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ó ń lọ sí Akúrẹ́. Iyán ni mo ń gún lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Ọmọ-odó ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé ọkọ̀ ti forí sọra. Ẹ wò ó, mi ò ní kí Ọlọ́run jí i dìde. Ohun tí mo ń wí ni pé, "Olúwa, jẹ́ kó jẹ́ pé kò tíì jáde nílé." Mo tún un wí títí iyán fi tutù sínú odó. Mo wí i fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan sọ fún mi pé bí ìgbàgbọ́ mi bá tó, kò sí ohun tí Ọlọ́run ò lè yí padà, títí dé orí ìyẹn. Mo gbààwẹ̀ títí ara mi fi joro. Nígbà tí kò yí padà, mo gbà pé ìgbàgbọ́ mi ni kò tó, pé èmi ni mo jẹ́ kó kú.

Ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa ló jókòó tì mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run lè jí òkú. Ṣùgbọ́n kì í sọ àná di ohun tí kò ṣẹlẹ̀." Inú bí mi sí i. Mo rò pé ó ń sọ Ọlọ́run di kékeré.

Ó pẹ́ kó tó yé mi. Bí Ọlọ́run bá lè sọ pé ọjọ́ Ẹtì yẹn ò wáyé, a jẹ́ pé ó lè sọ pé ọjọ́ ìgbéyàwó wa náà ò wáyé. Ọdún 11 tí a fi jọ gbé á wá di ohun tó ṣeé nù kúrò bí ẹní nu pátákó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ mi. Ó máa ń gbé Àánú kọ́rùn lọ sóko, ọmọ á di irun rẹ̀ mú. Ó ti ṣẹlẹ̀. Kò sí agbára kankan lókè tàbí nílẹ̀ tó máa sọ pé kò ṣẹlẹ̀, Ọlọ́run ló sì ń bá mi tọ́jú rẹ̀.

Ohun tí ẹ̀yin ń pè ní ààlà yẹn, èmi ẹ̀yìn mi ni mo gbé tì í.

Tísà Ìṣirò, Ìjerò (Ọjọ́bọ̀, 11:12 alẹ́)

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Aquinas tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ó kọ ọ́ pé agbára Ọlọ́run kì í sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ di ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ibi tí ìyá àgbà yẹn dúró sí gan-an ni. Mo ti kà á, mo ti gbà á tipẹ́, ṣùgbọ́n òní ni mo mọ ohun tí ó wà fún.

Aṣèwádìí (Ẹtì, 12:03 òru)

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ìbéèrè mi nípa ẹni tó ṣe òfin náà ṣì dúró, Alfa, torí oyin ò dá ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni òfin yẹn jẹ́ fún Ọlọ́run, bó bá wà. Mi ò ní sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọmọ Kábíyèsí (Ẹtì, 5:48 òwúrọ̀)

Mo ṣí Bíbélì mi láàárọ̀ yìí. Títù 1:2 ní Ọlọ́run kò lè ṣèké. 2 Tímótì 2:13 ní kò lè sẹ́ ara rẹ̀. Bíbélì fúnra rẹ̀ ló fi "kò lè" síbẹ̀, ìwé tí mo ń kà láti kékeré, mi ò sì kíyè sí i rí. Mo yọ 2 àti 2 tó di 5 kúrò. Bí òótọ́ bá lè di irọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la, mi ò mọ ohun tí Màmá Àánú máa dì mú. Kábíyèsí náà ṣì ni o, mi ò yọ ìyẹn.

Olùkọ́ Ìkéré (Ọjọ́ Ìsinmi, 3:40 ọ̀sán)

Ẹ kú ìsinmi o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Kí n tó kọ́ wọn ní ohunkóhun, mo pe ọmọ náà síwájú. Mo sọ ọ́ létí gbogbo kíláàsì pé ìbéèrè rẹ̀ dára, pé èmi ni mo ṣì í sọ, kó má bínú. Ó wolẹ̀, kò sọ nǹkan kan. A gé ọsàn. Mo ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ya ohun roboto tó ní igun mẹ́rin, wọ́n yà á títí wọ́n fi sú. Mo sọ ọ̀rọ̀ Ìkọ̀gòsì fún wọn, mo sọ ti "kò lè" àti "kì í." Mi ò dárúkọ Màmá Àánú, ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé Ọlọ́run kì í pa àná rẹ́.

Ọmọ náà jókòó bí ẹni tí kò gbọ́. Ó tó ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, ó nawọ́. Ó ní, "Sà, èmi ni àkọ́bí nílé wa. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá bi mí pé kí lorúkọ ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Bí n ò bá dá a lóhùn, kì í ṣe pé mo gbàgbé orúkọ ẹ̀gbọ́n mi."

Ara mi ṣe wìì. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún ti nawọ́.

"Ṣùgbọ́n sà, kí Ọlọ́run tó dá nǹkan kan rárá, ṣé 2 àti 2 ti jẹ́ 4?"

Mo sọ fún un pé mi ò mọ̀. Mo fún un ní ṣọ́ọ̀kì, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sójú pátákó. Nígbà tí a parí, mo nu ìyókù, mo fi tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.